Aṣọ Aboyún, Aṣọ Ẹni Méjì

  Ẹ̀yin tí ẹ ti jí dé ọjà Ìkòtún, ẹ kú ọjà. Ọjà á tà, àwìn ò ní pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Ìyànà Ìpájà sí Ẹ̀gbẹ́dá, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí ẹ tètè débi iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ará Ìgándò, ará Ìdímù, ará Ìjẹ̀gùn, gbogbo Alímọ̀ṣọ́ pátá, mo kí yín tọkàntọkàn. Àmọ́ ìkíni mi lónìí, ẹ̀yin abara méjì ló ni ín jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú ara. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ wo la mú wá lọ́sẹ̀ yìí? Aṣọ ni. Aṣọ aboyún.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nígbà tí ìyá tó bí ìyá yín lóyún, kí ló wọ̀? Ẹ rò ó dáadáa. Ṣé ó lọ ra aṣọ aboyún lọ́jà? Ṣé ó ní kí télọ̀ rán gáùn fún òun? Ṣé ó kó aṣọ tó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú àpótí, pé ó di ìgbà tóun bá bí? Rárá o. Ìró tó ń ró tẹ́lẹ̀ náà ló ró. Bùbá tó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló wọ̀. Òun náà ló wọ̀ lọ sóko, òun ló wọ̀ lọ sódò, òun ló wọ̀ dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì máa tún un sọ títí ilẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí á fi ṣú. Aṣọ aboyún, aṣọ ẹni méjì ni. Aṣọ tó bá gba ìyá, tó sì gba ọmọ, òun ni aṣọ aboyún. Àwọn ìyá wa mọ èyí kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Ẹ wo bí ìró ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Aṣọ gbọọrọ ni. Kò ní bọ́tìnì, kò ní síìpù, kò ní rọ́bà. Bí oyún bá wà ní oṣù kejì, obìnrin á ró ìró rẹ̀ mọ́ ìdí bó ṣe máa ń ró o. Ta ni yóò mọ̀? Tó bá di oṣù kẹrin, etí aṣọ tó máa ń yí dé ìhà kejì tẹ́lẹ̀ ò ní fẹ́ débẹ̀ mọ́. Á fi í sílẹ̀ níbi tó bá dé, á ki í bọ inú, ó parí. Tó bá di oṣù keje, á gbé ìró kúrò ní ìbàdí. Á gbé e gun orí ikùn, ó ku díẹ̀ kó kan ọmú. Á fi ọ̀já gbà á kó má baà tú. Bùbá á wálẹ̀, á bò ó. Tó bá sì wà nínú ilé tí ooru ń mú, á bọ́ bùbá sọ́wọ́ kan, á ró ìró mọ́ àyà, èjìká á wà níta, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i. Aṣọ kan náà ni o. Bí ikùn bá ṣe ń yọ, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń yẹ̀ fún un.

Ìbáà jẹ́ kíjìpá tó nípọn, èyí tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé. Ìbáà jẹ́ àdìrẹ Abẹ́òkúta. Ìbáà jẹ́ ànkárá tó dé lẹ́yìn. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lórí aboyún. Kò sí èyí tó béèrè pé, ìyá, báwo ni ìbàdí yín ṣe tó?

Ẹ tún jẹ́ kí n fi kan kún un. Bí obìnrin bá bímọ tán, ṣé aṣọ yẹn parí iṣẹ́? Kò parí. Òun ni yóò fi gba ọmọ. Òun ni yóò fi nu ọmọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, òun ni yóò fi pọn ọmọ. Aṣọ tó gbé ọmọ níwájú, òun náà ló gbé e sẹ́yìn. Gáùn wo ló lè ṣe ìyẹn?

Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Aṣọ aboyún, aṣọ ẹni méjì ni.

Ó dáa. Àwọn kan máa ń sọ pé ojú ń ti àwọn ará àtijọ́ láti fi oyún hàn, pé ọ̀làjú ló wá là wá lójú. Mi ò gbà. Ẹ lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu àti ilẹ̀ Yewa. Ọkùnrin ló ń gbé e, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń bu ọlá fún. Wọ́n á gbẹ́ igi, wọ́n á yọ ọmú sí i lára. Nígbà mìíràn, wọ́n á yọ ikùn aboyún sí i, ikùn rogodo. Ọkùnrin á gbé e kọ́ àyà, á bọ́ sí gbangba ọjà, á máa jó. Ọmọdé ń wò, àgbà ń wò. Ta ni ojú ń tì níbẹ̀? Oyún ni wọ́n ń yẹ́ sí lójú ayé gbogbo. UNESCO náà ti gba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọlé sára ogún àṣà gbogbo àgbáyé.

Ẹ má sì jẹ́ ká lọ jìnnà. Ẹ wo Èkó níbí. Ẹ wọ dáńfó láti Ìkòtún. Bí aboyún bá fẹ́ sọ̀, kí ni kọ̀ńdọ́ ń ké sí dírẹ́bà? “Ó lóyún, ó pọnmọ o!” Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nígbà mìíràn, obìnrin yẹn ò tiẹ̀ pọnmọ kankan. Nígbà mìíràn, kò tiẹ̀ lóyún. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ni. Kọ̀ńdọ́ kàn fẹ́ kí ọkọ̀ dúró jẹ́jẹ́ ni, kí wọ́n má baà gbé èèyàn lulẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti dárúkọ oyún, dírẹ́bà tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu á tẹ bíréèkì. Nínú gbogbo ariwo títì Èkó, mi ò mọ èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó báun.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé wọ́n máa ń bo oyún níbẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní, oṣù kejì, oṣù kẹta, ọkọ mọ̀, ìyá ọkọ mọ̀, bóyá ìyá agbẹ̀bí mọ̀. Ó tán. Ẹ ò gbọdọ̀ bi obìnrin léèrè pé oṣù mélòó ló wà. Kí nìdí? Ayé ni wọ́n ń sá fún. Oyún tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹnu ayé ò gbọdọ̀ bà lé e. Obìnrin á fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú, á jẹ́ kó wálẹ̀ bo ikùn. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé.

Tí oyún bá wá yọ tán ńkọ́? Ẹ bi àwọn ìyá wa. Wọ́n á ní kí aboyún má rìn lọ́sàn-án gangan, kó má rìn lóru. Tó bá pọn dandan kó jáde, wọ́n á fi pínnì kọ́ aṣọ rẹ̀ létí. Àwọn mìíràn á so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ etí ìró. Wọ́n ní ó ń dá àwọn ẹ̀mí àìrí dúró, kí wọ́n má baà wá gba ipò ọmọ inú. Ẹ lọ sí kílíníkì aboyún èyíkéyìí ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí, ẹ wo etí aṣọ àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ máa rí pínnì. Lára ìró ẹ máa rí i. Lára gáùn tó ti òkè òkun wá, ẹ máa rí i. Obìnrin tó ka ìwé gboyè, ẹ máa rí i lára aṣọ tirẹ̀ náà. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí pínnì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ṣáájú wa ka aṣọ aboyún sí ibi ààbò. Aṣọ yẹn ń ṣọ́ ẹni méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ kú àbọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ aboyún là ń sọ. A ní aṣọ ẹni méjì ni. A ní ìró àwọn ìyá wa gba ìyá, ó sì gba ọmọ, láìsí pé wọ́n rán an fún oyún.

Ìgbà wo wá ni aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ aboyún lára?

Nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwọ̀n ni. Àwọn Sàró dé sí Èkó láti Sierra Leone, àwọn Àgùdà dé láti Bràsíl. Àwọn míṣọ́nnárì dé. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ òyìnbó àti kábà dé. Obìnrin ilé ọlọ́lá l’Ékòó nígbà náà, aṣọ òyìnbó ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n fún ní ìbàdí pinpin. Ó lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kábà tí wọ́n ti wọn ìbàdí rẹ̀, bí oyún bá dé, ibo ló fẹ́ wọlé sí?

Ní ìlú òyìnbó níbi tí aṣọ yẹn ti wá, ọ̀ràn náà le ju tiwa lọ nígbà náà. Wọ́n ń wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ abẹ́ tí wọ́n fi ohun líle inú ẹnu ẹja àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní egungun, tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́, sí nínú, tí wọ́n ń fi okùn fà pọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan ń wọ̀ ọ́ tòun toyún. Wọ́n tiẹ̀ ṣe ti aboyún lọ́tọ̀. Obìnrin ilé ọlọ́rọ̀ tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ, kò gbọdọ̀ hàn ní gbangba púpọ̀ mọ́. Ilé ni kó jókòó sí. Ẹ fi èyí wé ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà wa, tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, tí gbogbo oníbàárà sì ń ṣàdúrà fún un bí wọ́n ti ń sanwó.

Ẹ̀yin aránṣọ, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, tiyín ni. Obìnrin kan wà ní New York. Lena Bryant lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Lithuania ló ti wá. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọmọ sí i lọ́wọ́. Ó fi yẹtí táyámọ́ńdì tí ọkọ fún un dógò, ó fi owó rẹ̀ wá ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ télọ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tó lóyún wá bá a. Ó ní, ẹ rán aṣọ tí mo lè wọ̀ jáde fún mi, tí ò ní fún mi. Kí ni Lena ṣe? Ó rán gáùn tó fi rọ́bà sí ìbàdí rẹ̀. Ọdún 1904 ni. Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìwé ìròyìn ò gbà láti polówó rẹ̀! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ oyún ò ṣe é sọ nínú ìwé ìròyìn. Ó tó ọdún méje, 1911, kí ìwé ìròyìn New York Herald tó gbà fún un. Ọjọ́ tí ìpolówó jáde, ọjà tán pátá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, àwọn aboyún ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Wọ́n ń wá aṣọ tí yóò gba ẹni méjì. Àwọn tó ni ìwé ìròyìn ni ojú ń tì.

Ìtìjú yẹn pẹ́ kó tó lọ. Nígbà tí òṣèré Amẹ́ríkà kan, Lucille Ball, lóyún tòótọ́ lórí eré tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní nǹkan bí 1952, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ò jẹ́ kí wọ́n pe oyún ní oyún. Ọ̀rọ̀ àdàpè ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n kó àlùfáà jọ láti máa yẹ ìwé eré náà wò. Gbogbo ayé ń rí ikùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ọmọ Yorùbá kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ l’Ékòó. Fọláṣadé Thomas-Fahm ni. Òun ni wọ́n ń pè ní ìyá àwọn tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ aṣọ òde òní ní Nàìjíríà. Ó mú ìró àti bùbá, ó rán ìró ní síìpù. Obìnrin tó ń sáré lọ sí ọ́fíìsì, kò ní máa dúró tú ìró, kò ní máa tún un ró mọ́. Á fà á sókè, á fa síìpù, ó di iṣẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ìyá yẹn gan-an. Ó jẹ́ kí aṣọ wa wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú iyì. Ṣùgbọ́n ìró tó bá ti ní síìpù ti ní ìwọ̀n. Bí oyún bá dé, síìpù ò ní gòkè mọ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akọ̀wé báǹkì, fi nílò gáùn aboyún. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ rántí gáùn yẹn? Wọ́n á gé e kúrú ní àyà. Láti àyà, wọ́n á ká a jọ ní pílíìtì, á wá fẹ̀ bàǹtẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Kọ́là rẹ̀ á rí kiribiti. Àwọn mìíràn á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ tú àwòrán àtijọ́ nílé yín, ẹ máa rí i. Gáùn kan ṣoṣo máa ń yípo àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́, ó bí. Àbúrò gbà á, ó bí. Aládùúgbò yá a, òun náà bí. Wọn kì í jù ú nù. Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n fi bí ọmọ ayọ̀ ni, ó lóríire lára.

Lónìí ńkọ́? Ẹ bọ́ sí ọjà Ìkòtún, ẹ dé ìdí àwọn olókìrìkà. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tú okìtì aṣọ. Ẹ máa rí jíǹsì aboyún níbẹ̀. Lókè, níbi tí bọ́tìnì ì bá wà, aṣọ dúdú tó ń nà bíi rọ́bà ló wà, tó gbòòrò tó ìbú ọwọ́ méjì. Ó máa ń bo ikùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èèyàn kan ti wọ̀ ọ́ bímọ lókè òkun, ẹlòmíràn sì tún fẹ́ wọ̀ ọ́ bímọ ní Ìdímù. Ẹ wo àwọn télọ̀ náà, wọ́n gbọ́n. Aboyún mú ànkárá wá, télọ̀ tó mọṣẹ́ ò ní gé aṣọ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ nù. Á pa á mọ́ sínú ojú rírán. Lóṣù kẹfà, á tú okùn kan, aṣọ á fẹ̀. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, á tún rán an wọlé. Ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ ń ṣe báyìí, ẹ ṣeun. Ẹ̀ ń ṣe ohun tí ìró ń ṣe.

Àmọ́ ohun kan wà tí ń kó ìdààmú bá mi, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ti dé òde ayẹyẹ wa. Ẹ ò rí i? Aṣọ ẹbí ò tíì pé bí wọn ò bá fi kọ́sẹ́ẹ̀tì sí i. Leésì olówó iyebíye, egungun nínú, okùn lẹ́yìn, wọ́n á fà á títí èémí á fi há. Ẹni tí kò lóyún, tó bá wù ú, ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí aboyún nínú rẹ̀ lóde ayẹyẹ. Oyún ń bẹ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀, wọ́n sì fi okùn fà á kí wọ́n má baà ní ó sanra nínú fọ́tò. Ohun tí àwọn obìnrin ìlú òyìnbó jà títí wọ́n fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀, àwa ló wá ń fi owó rà á báyìí? Àwa tí a kò jogún ẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ mi. Ẹni méjì ló wà nínú aṣọ yẹn. Èyí tó wà nínú kò lè sọ pé ẹ tú okùn. Ẹ̀yin télọ̀, bí aboyún bá ní kí ẹ fún un, ẹ kọ̀. Ẹ ní ẹ ò ṣe. Ẹ rán bùbù tó fẹ̀ fún un. Ẹ rán bùbá tó wálẹ̀, kó wé gèlè gàgàrà lé e. Kò sẹ́ni tí yóò ní kò mọ aṣọ wọ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó ojú ọ̀nà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò oyún kí wọ́n tó so yìgì. Bí ó bá wà níbẹ̀, wọn ò ní so ó. Mi ò wá dá ìjọ ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbẹ̀rù yẹn ń mú kí ọmọbìnrin fi aṣọ tó ń fún ni di ikùn. Ó ń mú kó sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń dúró kí n dé orí fọ́tò. Mo ti dé e.

Ní 1991, òṣèré Amẹ́ríkà kan, Demi Moore, ya fọ́tò sára ìwé ìròyìn tòun toyún, láìwọ aṣọ. Ayé pariwo. Lónìí, kò sí ohun tó jọ ọ́ tí ẹ ò rí lórí fóònù. Ní 2017, Beyoncé tó lóyún ìbejì jáde lórí ìtàgé nínú aṣọ wúrà, adé lórí, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ àṣà sì ń sọ pé Ọ̀ṣun ló fi jọ. Ọ̀ṣun tiwa! Ọ̀ṣun tí àwọn obìnrin ń lọ tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Òṣogbo. Ní Alímọ̀ṣọ́ níbí náà, àwọn ọmọ wa ń yá ilé fọ́tò, wọ́n ń yá aṣọ gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Àwọn ìyá àgbà ń ṣí ẹnu. Wọ́n ní, ṣé ẹ ò bẹ̀rù ayé mọ́ ni?

Kí ni tèmi? Tèmi ni pé ayọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó yà á. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ títí ọmọ yóò fi ké, ẹ má bá a jà. Ẹ ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ ò mọ iye oyún tó ti bọ́ mọ́ ọn lára. Ẹ má sì bi obìnrin tí ẹ̀ ń rí pé ikùn rẹ̀ ń yọ díẹ̀ pé, ṣé ó ti wà níbẹ̀? Ẹ dákẹ́. Bó bá wù ú, á sọ fún yín.

Ohun tó ń bí mi nínú jù kì í ṣe fọ́tò. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n fi oyún jẹ obìnrin níyà. Ní 2021, wọ́n lé ọlọ́pàá obìnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkìtì nítorí pé ó lóyún láìlọ́kọ. Òfin ọlọ́pàá tó ti pẹ́ ni wọ́n fi gbé e lẹ́sẹ̀. Ìjọba Èkìtì àti ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà gba ilé ẹjọ́ lọ lórí rẹ̀. Ẹ bi ara yín, ọkùnrin ọlọ́pàá tó bá fún ọmọbìnrin lóyún, ta ni ó ń bọ́ yúnífọ́ọ̀mù lára tirẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lójú ọ̀nà, mo tún un sọ fún yín: aṣọ aboyún, aṣọ ẹni méjì ni. Aṣọ iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀.

Ó ku ibi kan tí mo fẹ́ dé. Kílíníkì. Ẹ bo oyún fún ayé, kò burú. Ẹ bò ó fún aládùúgbò, kò burú. Ẹ má bò ó fún nọ́ọ̀sì! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oṣù kẹta tó pé, kí aboyún ti lọ fi ara hàn. Àwọn kan nínú wa ń dúró dìgbà tí ikùn bá tó gbé ka orí ẹsẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò bẹ̀rù ìborùn o. Àìsàn ibà kì í bi èèyàn pé ṣé o ti kéde. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìgándò, ilé ìlera kéékèèké wà káàkiri wọ́ọ̀dù yín. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé àbíyè, ẹ máa lọ, ẹ máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ yẹn, kí ni kí ẹ wọ̀? Ẹ wọ ìró àti bùbá. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì ò ní jà pẹ̀lú bọ́tìnì. Ẹ kàn máa tú ìró díẹ̀, ẹ máa rọra fà á wálẹ̀, ikùn á hàn, á fi tépù wọ̀n ọ́n, á fetí sí ọmọ. Ìyókù ara yín á wà ní bíbò. Bí obìnrin bá sì ń tijú láti fi ara han dókítà ọkùnrin, kó béèrè obìnrin. Àwọn obìnrin ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, obìnrin ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ọsibítù Massey Street l’Ékòó níbí ló ti ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti 1938.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ti ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ó kàn yín. Ẹsẹ̀ ìyàwó yín wú, bàtà tẹ́lẹ̀ ò gbà á. Ẹ ra sílípáàsì tó fẹ̀ fún un. Ẹ ra òpó ànkárá kan tó rọ̀, tí wọ́n ti fọ̀ kí ṣítáàṣì rẹ̀ kúrò. Ẹ má dúró kó béèrè.

Ẹ pè wá báyìí. Ẹ sọ ohun tí ìyá yín wọ̀ nígbà tó lóyún yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì ní gáùn aboyún inú àpótí, ẹ sọ iye ọmọ tí wọ́n ti fi bí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀já àti ìpọ̀nmọ la máa gbé yẹ̀ wò, nítorí mo rí i pé àwọn ìyá kékeré ń béèrè bí wọ́n ṣe ń so ó tí ọmọ ò fi ní yọ̀. Ẹ pe ìyá àgbà kan tó mọ̀ ọ́n so wá sídìí rédíò yín kó tó di ìgbà náà.